Bàbá Rábíù Lórí Òkè Ádámọ̀

Níbi àdúà ọjọ́ kẹjọ tí a ṣe fún bàbá bàbá mi ní Ṣakí, gbogbo ẹni tó gba ẹ̀rọ gbohùngbohùn ló parọ́. Ẹnìkan ní onísùúrù ni. Òmíràn ní ọ̀rọ̀ burúkú kò jáde lẹ́nu rẹ̀ rí. Àbúrò bàbá mi kan, tí Bàbá kò bá sọ̀rọ̀ fún odindi ọdún méjì nítorí pé ó ra aago ọwọ́ tí kò mọ̀ ọ́n wò, sunkún títí wọ́n fi gba gbohùngbohùn lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ní ẹlẹ́yinjú àánú ló lọ. Mo jókòó sáàárín àwọn obìnrin, mo tẹjú mọ́lẹ̀, mo ń rò ó pé bí òkú bá lè dìde fún ìgbà díẹ̀, eléyìí ì bá dìde, ì bá yínmú sí wọn, ì bá sì bi wọ́n pé ta ni wọ́n ń sọ̀rọ̀ rẹ̀.

Ẹlẹ́gàn ni bàbá mi àgbà. Mo fẹ́ràn rẹ̀ ju bí mo ṣe fẹ́ràn ọ̀pọ̀ ẹni tó wà láàyè lọ, ìdí nìyẹn tí n kò fi fẹ́ kí wọ́n fi ìwà ẹlòmíràn sin ín.

Àlàájì Sùnmọ́nù lorúkọ rẹ̀, ṣùgbọ́n Bàbá Rábíù ni gbogbo àdúgbò ń pè é, nítorí pé Rábíù, bàbá mi, ni àkọ́bí rẹ̀. Ó ní oko iṣu lọ́nà Tẹ̀dé. Yàtọ̀ sí oko, ó máa ń ra àgbàdo àti ọkà bàbà ní Ìràwọ̀ àti Ìpàpó, yóò kó wọn jọ sí Ṣakí de àwọn oníṣòwò tó ń ti Ìbàdàn wá. Kò gbẹ́kẹ̀ lé alábàárù kankan. Òun fúnra rẹ̀ ló ń gbé àpò sọ́kọ̀ títí ó fi lé ní ọgọ́ta ọdún. Ó ga, ó gbẹ, imú rẹ̀ gùn, ó sì mọ ìlò imú náà. Bí o bá fi ohun tuntun hàn án, yóò wo nǹkan náà, yóò wá wo ìwọ, lẹ́yìn èyí ni imú yóò yí sí ẹ̀gbẹ́ kan. Kò tíì sọ̀rọ̀ tí ìwọ yóò ti máa wá ibi tí o máa gbé nǹkan náà pamọ́ sí.

Ọjọ́ tí bàbá mi gbé rédíò wá láti Ìsẹ́yìn, ilé kún. Àwọn aládùúgbò pàtẹ́wọ́ fún ọkùnrin tó ń ka ìròyìn. Bàbá tẹ́tí sí i láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, ó wá dìde, ó gbọn aṣọ rẹ̀. Ó ní, "Ẹni tó ń sọ̀rọ̀ tí kò ní gbọ́ tẹnìkan. Mo ti ní mẹ́rin irú ẹ̀ nínú ẹbí yìí."

Ohun tó tilẹ̀ kórìíra jù ni kí ẹnìkan máa yanu wo nǹkan. Àpáta ńlá kan wà lẹ́yìn oko wa. Ní ọdún kan, àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba mẹ́ta gbé kámẹ́rà wá, wọ́n ní àwọn ń kọ orúkọ àwọn ibi tí àlejò lè máa wá wò sílẹ̀. Wọ́n gun àpáta, wọ́n ya ara wọn ní fọ́tò, wọ́n ń sọ fún ara wọn pé ẹwà ibẹ̀ kò lẹ́gbẹ́. Bàbá wà nínú oko, ó fi ara ti ọkọ́, ó ń wò wọ́n. Èyí tó wọ bàtà funfun nínú wọn bẹ̀rẹ̀, ó kí i.

"Bàbá, ṣé ẹ mọ̀ pé ohun ìyanu lẹ ní lẹ́yìn oko yín?"

"Mo mọ̀. Òun ni kò jẹ́ kí n rí ilẹ̀ kọ ebè sí."

"Àwọn èèyàn yóò máa ti ìlú òyìnbó wá wò ó, Bàbá."

"Kí ló ṣe ìlú tiwọn?"

Ọkùnrin náà rẹ́rìn-ín, ó ní àwọn òyìnbó kàn fẹ́ràn ìrìn àjò ni. Bàbá wo bàtà funfun tó ti pọ́n fún erùpẹ̀ yẹn fún ìgbà díẹ̀. "Ẹni tí kò níṣẹ́ nílé," ó ní, "ló ń wá ibi tí àpáta wà kiri."

Wọ́n lọ, wọn ò padà wá mọ́.

Ẹnìkan ṣoṣo tí mo mọ̀ tí kò sá fún imú Bàbá ni Tíṣà Nasíìrù. Láyé ìgbà tí epo rọ̀bì ń mú owó wọlé, ìjọba máa ń gba àwọn tíṣà láti ilẹ̀ òkèèrè sí àwọn ilé ẹ̀kọ́ girama wa. Ará Sírí Láńkà ni eléyìí. Gbogbo Ṣakí ń pè é ní Ará Íńdíà. Ó tún un ṣe fún wọn títí ó fi sú u. Bàbá nìkan ló ń pe ìlú rẹ̀ bó ṣe yẹ, kì í ṣe nítorí ọ̀wọ̀, bí kò ṣe pé ó fẹ́ kí àwọn yòókù mọ̀ pé wọn ò gbọ́n. Mùsùlùmí ni Tíṣà, ó tínrín bí igi ìṣáná, ìṣirò ló ń kọ́ àwọn ọmọ. Yàrá méjì tó wà níwájú ilé wa ló ń gbé. Kò tó ọdún kan tó fi gbọ́ Yorùbá, nítorí pé Bàbá kò gbà láti gbọ́ èdè mìíràn lẹ́nu rẹ̀. Ní ìrọ̀lẹ́, wọ́n á jókòó sábẹ́ igi máńgòrò tó wà lójúde, wọ́n á máa jiyàn.

Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún kan, àwọn ará ilé Tíṣà fi kàlẹ́ńdà ránṣẹ́ sí i. Oṣù kọ̀ọ̀kan ló ní àwòrán tirẹ̀, gbogbo ibi tó gbajúmọ̀ ní ìlú wọn ló wà níbẹ̀. Ó gbé e wá fún Bàbá bí ẹni gbé ọmọ tuntun wá. Mo jókòó tì wọ́n, mo ń ṣa ẹ̀wà.

Àwòrán kìíní ni ti omi ńlá kan tó ń já láti orí àpáta. Tíṣà ní àwọn èèyàn máa ń wọ ọkọ̀ láti ọ̀nà jíjìn wá wò ó.

"Kí ni wọ́n ń wò?"

"Bó ṣe ń já bọ́ láti òkè, Bàbá."

"Ṣé wọ́n rò pé ó máa gòkè ni?"

Tíṣà ṣí èkejì. Àwọn erin ló wà níbẹ̀ nínú odò, àwọn èèyàn ń bu omi sí wọn lára. Bàbá gbọn orí. "Àwa pa tiwa jẹ tán. Ẹ̀yin ń wẹ̀ fún tiyín. N kò mọ ẹni tó gọ̀ jù nínú wa."

Ó kan àwọn òkè tí igi tíì bò láti ìsàlẹ̀ dé téńté. "Ewé," ni Bàbá wí. Ó kan àpáta kan tó dá dúró láàárín igbó kìjikìji, tí àtẹ̀gùn yí i ká. Tíṣà ní ọba àtijọ́ kan ló kọ́ ààfin sórí rẹ̀. Ọba náà pa bàbá rẹ̀, ó wá ń bẹ̀rù ọmọ bàbá rẹ̀ kejì, ló bá gun òkè lọ máa gbé.

"Apànìyàn sá pamọ́," Bàbá ní, "ẹ wá ń mú àlejò lọ kí i nílé."

Mo ti ń rẹ́rìn-ín sínú. Tíṣà kò rẹ́rìn-ín. Ó ṣí i títí dé oṣù Kejìlá. Òkè kan ló wà níbẹ̀, orí rẹ̀ ṣe ṣóńṣó, ìkùukùu yí i ká.

"Eléyìí," ó ní, "ipa ẹsẹ̀ wà nínú àpáta lórí rẹ̀. Àwa Mùsùlùmí ibẹ̀ gbọ́ lẹ́nu àwọn bàbá wa pé ẹsẹ̀ Ànábì Ádámọ̀ ni, pé ibẹ̀ ló kọ́kọ́ tẹ̀ nígbà tó ti àlùjánnà sọ̀kalẹ̀. Àwọn ẹlẹ́sìn Búdà ní ti ọ̀gá àwọn ni. Àwọn mìíràn tún ní ti òrìṣà àwọn ni. Gbogbo wa la jọ ń gùn ún."

Mo gbójú sókè, mo ń retí imú. Imú kò yí. Bàbá na ọwọ́. "Gbé e súnmọ́ mi," ó ní.

Láti ọjọ́ yẹn, òkè yìí kò kúrò lẹ́nu rẹ̀ mọ́. Ó ti lọ sí Mẹ́kà ṣáájú ìgbà náà, kò sí ẹni tó ń retí pé ó tún fẹ́ wọ bàálù. Nígbà tó sọ pé òun yóò bá Tíṣà lọ sílé nígbà ìsinmi Kejìlá, ìjà dé. Àfáà àdúgbò gun kẹ̀kẹ́ wá bá a lójúde.

"Àlàájì, kò sí nínú Kùránì pé ẹsẹ̀ Ànábì Ádámọ̀ wà lórí òkè kankan."

"Kẹ̀kẹ́ tí ẹ gùn wá, ṣé ó wà níbẹ̀?"

"Kẹ̀kẹ́ kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹ̀sìn."

"Èmi náà ò sọ pé ẹ̀sìn ni mo ń lọ ṣe. Wọ́n fún ọkùnrin kan ní ọgbà tí kò hu èpò, ó sì jẹ́ kó bọ́ mọ́ òun lọ́wọ́. Láti kékeré ni mo ti ń roko. Mo fẹ́ wo irú ẹsẹ̀ tó ní."

Àfáà bínú lọ. Ìyá àgbà, ìyàwó Bàbá, ló kù. Òun kì í jà. Ó kàn dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó fọwọ́ lérán. "Bàbá Rábíù, ẹ fẹ́ la òkun kọjá lọ wo ẹsẹ̀ ẹlòmíràn. Tiyín tó máa ń wú nígbà ọyẹ́ ńkọ́?"

Bàbá ń di aṣọ rẹ̀ sínú àpótí. Kò gbójú sókè. "Òun náà ni mo ń gbé lọ," ó ní.

Ó lo ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lọ́hùn-ún. Ọjọ́ tó dé, kò síbi tí èèyàn lè fẹsẹ̀ sí nínú ilé wa. Ó gbé páálí tíì kan jáde, ó pín in kiri. "Ewé náà nìyí," ló ń sọ fún ẹnìkọ̀ọ̀kan bó ṣe ń bù ú fún wọn. Wọ́n ní kó sọ ohun tó rí. Ó ní òun dé ibi àpáta ọba tó sá pamọ́. Kò sí ọba níbẹ̀ mọ́, àwọn ọ̀bọ ló ń gbébẹ̀, wọ́n sì ń ṣàkóso rẹ̀ dáadáa. Ó ní wọ́n mú òun lọ sí ilé àdúrà kan tí wọ́n kọ́ bí ààfin nítorí eyín kan ṣoṣo tí wọ́n ní ó jẹ́ ti ọ̀gá àwọn ẹlẹ́sìn Búdà. Òun bọ́ bàtà, òun tò pẹ̀lú àwọn èèyàn, òun wọlé. Wọn kì í fi eyín hàn, inú àpótí ni wọ́n ń tọ́jú rẹ̀ sí. "Mo rìn tó báyìí," ó ní, "àpótí ni mo rí."

Tíṣà, tó jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, fọwọ́ kan orúnkún rẹ̀, ó ní àwọn èèyàn ń sunkún níbẹ̀, òun sì rí i pé Bàbá dákẹ́ nígbà tó rí wọn. Bàbá ní ọ̀fun ló ń dun òun.

Àfáà tó bínú lọ yẹn náà wà níjókòó. Òun ló béèrè ohun tí gbogbo wa ń dúró dè. "Àlàájì, ẹsẹ̀ náà ńkọ́? Ẹ rí i?"

"Òkúta ni," Bàbá ní. Ó dìde, ó lọ ṣe àlùwàlá.

Kò sí ẹni tó rí nǹkan gbọ́ lẹ́nu rẹ̀ ju ìyẹn lọ. Àwọn èèyàn bẹ̀rẹ̀ sí í pè é ní Àlàájì Òkè Ádámọ̀, ó ní ẹni tó bá tún pe òun bẹ́ẹ̀ kò gbọdọ̀ wọ ilé òun mọ́. Obìnrin kan gbé ọmọ tó ń ṣàìsàn wá láti Ìràwọ̀, ó ní kó fi ọwọ́ tó kan ẹsẹ̀ Ànábì pa ọmọ náà lórí. Bàbá lé e. Nígbà tí obìnrin náà dé ẹnu ọ̀nà, ó tún pè é padà, ó ní kí bàbá mi fi ọkọ̀ gbé e. "Ẹ gbé e lọ sọ́sibítù," ó ní. "Dókítà ibẹ̀ ò gun òkè kankan, ó kàn mọ iṣẹ́ ni."

Lẹ́yìn ìrìn àjò yẹn, ó ń tiro. Kò gbé àpò mọ́. Nígbà tí a bi í léèrè, ó ní àtẹ̀gùn àwọn ará Sírí Láńkà pọ̀ ju ọgbọ́n wọn lọ. A rẹ́rìn-ín, a gbàgbé. Èmi náà gbà pé ó gun òkè, ó rí òkúta, ó sì kẹ́gàn rẹ̀ bó ṣe ń kẹ́gàn ohun gbogbo.

Ọdún mélòó kan kọjá. Nǹkan ti le koko nílé lóko, ìjọba kò lè san owó àwọn tíṣà òkèèrè mọ́. Tíṣà Nasíìrù ń palẹ̀ mọ́. Mo ti wà ní ilé ẹ̀kọ́ àwọn olùkọ́ni nígbà náà, ìsinmi ni mo wá lò. Mo bá a di ìwé rẹ̀ lókùn. Nígbà tó yọ kàlẹ́ńdà àtijọ́ yẹn lára ògiri, ó jókòó lórí àpótí, ó wo òkè oṣù Kejìlá.

"Bàbá ní n kò gbọdọ̀ sọ ọ́," ó ní. "Ṣùgbọ́n mò ń lọ, kò sì yẹ kí n gbé ọ̀rọ̀ náà lọ."

Ó ní àárọ̀ ni àwọn bẹ̀rẹ̀ sí í gùn ún. Èrò pọ̀ lójú àtẹ̀gùn, àwọn arúgbó nínú aṣọ funfun, àwọn tó gbé ọmọ lé èjìká. Láti ìsàlẹ̀ ni Bàbá ti ń kẹ́gàn. Ó kẹ́gàn orin tí wọ́n ń kọ, ó kẹ́gàn àwọn tó ń ta àkàrà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà. Bó bá rìn díẹ̀, á dúró, á ní òun ń wo igbó. Èémí ló ń wá. Nígbà tó yá, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ́ aago tí àwọn tó ti débẹ̀ máa ń lù lórí òkè. Ó kù díẹ̀ kí wọ́n dé.

Ibẹ̀ ni obìnrin àgbàlagbà kan jókòó sí lórí àtẹ̀gùn. Ọrùn ẹsẹ̀ rẹ̀ ti yẹ̀, ó wú bí bọ́ọ̀lù. Ìyàwó ọmọ rẹ̀ dúró tì í pẹ̀lú ọmọ ọwọ́, ó ń sunkún. Òjò ti ṣú, atẹ́gùn tutù, arúgbó náà ń gbọ̀n. Àwọn tó ń kọjá fún un lómi, wọ́n kí i, wọ́n wò ó, wọ́n ń lọ, nítorí olúkúlùkù ló fẹ́ dé òkè kí òjò tó rọ̀.

Bàbá dúró. "Kí ni wọ́n ń wò?" ó ní. "Ṣé òun náà wà nínú kàlẹ́ńdà ni?"

Ó bọ́ agbádá, ó gbé e fún Tíṣà, ó bẹ̀rẹ̀ níwájú obìnrin náà, ó kọ ẹ̀yìn sí i. Arúgbó náà kò gbọ́ Yorùbá, ṣùgbọ́n ó mọ ohun tí ẹ̀yìn wà fún. Tíṣà bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ Bàbá.

"Bàbá, ẹ jẹ́ kí n gbé e."

"Ìwọ tí o ò lè gbé ìwé ìṣirò."

"Ẹ kọ́kọ́ gòkè nígbà náà. Ó kù díẹ̀. Ẹ wo ẹsẹ̀ náà, kí ẹ padà wá gbé e."

Bàbá ti dìde pẹ̀lú obìnrin náà lẹ́yìn rẹ̀. Ó ní, "Ẹsẹ̀ tòkè yẹn ti wà níbẹ̀ láti ayé Ádámọ̀. Tèyí ló ń wú."

Ó sọ̀kalẹ̀. Òjò bá wọn lọ́nà. Ọ̀sán ti pọ́n kọjá kí wọ́n tó dé ibi tí wọ́n ti ń tọ́jú aláìsàn nísàlẹ̀, nígbà tí Bàbá sì sọ obìnrin náà kalẹ̀, òun náà kò lè na orúnkún rẹ̀ mọ́. Ní ọjọ́ kejì, kò lè dìde lórí ibùsùn. Lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́ta ni bàálù wọn gbéra. Tíṣà ní òun sunkún fún un. Bàbá ní kó nu ojú, kó sì pa ẹnu mọ́. "Má sọ fún wọn nílé," ó ní. "Wọ́n á sọ mí di èèyàn rere, n kò ní ráyè sinmi mọ́."

Mo fi okùn sílẹ̀, mo jáde lọ bá Bàbá. Ó wà níwájú ilé ìkó-nǹkan-sí rẹ̀, ó na ẹsẹ̀ tó ń dùn ún síwájú, ó ń ṣa àgbàdo tí kòkòrò ti jẹ. Mo kúnlẹ̀, mo bá a ṣà á fún ìgbà díẹ̀. Lẹ́yìn náà ni mo ní, "Bàbá, obìnrin ọjọ́sí, tí ẹ pọ̀n sọ̀kalẹ̀, báwo ló ṣe rí?"

Kò wo ojú mi. "Ará Íńdíà yẹn ti sọ̀rọ̀," ó ní. Ìgbà kan ṣoṣo nìyẹn tí mo gbọ́ tó pè é bẹ́ẹ̀.

Ó ju ẹyọ àgbàdo mẹ́ta sẹ́gbẹ̀ẹ́.

"Ó wúwo," ó ní. "Ó sì ń kọrin sí mi létí láti òkè dé ìsàlẹ̀. Orin kan náà. Bóyá àdúrà ni, bóyá èébú ni, ta ló mọ̀. Ohùn rẹ̀ ò dáa rárá."

"Báwo ni orin náà ṣe lọ?"

Ó pòṣé. Mo rò pé ó ti parí. Ló bá bẹ̀rẹ̀ sí í kọ ọ́. Ó rọra kọ ọ́, pẹ̀lú gbogbo ọ̀rọ̀ inú rẹ̀, èdè tí òun àti èmi kò gbọ́, kò sì kọsẹ̀ níbì kankan láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ọwọ́ rẹ̀ dúró nínú àgbàdo. Nígbà tó kọ ọ́ tán, imú rẹ̀ yí díẹ̀.

"Ṣé o gbọ́ bó ṣe burú tó?"

"Mo gbọ́, Bàbá."

"O ò gbọ́," ó ní. "Dúró, jẹ́ n tún un kọ."